Kí Ni Mo Fẹ̀yìn Tì?

Ní ọjọ́ tí mo fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 2017, lẹ́yìn tí mo ti fi ọdún 34 kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kó ara wọn jọ sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n fún mi ní aago ògiri ńlá kan, wọ́n sì ń sọ ohun tí a máa ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá pé 60 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ pé, “Ẹ lọ fara balẹ̀ sinmi, mà, ẹ ti ṣe tiyín.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé àdúrà ni. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbé aago náà lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò tí ó ń gbé mi lọ sílé, ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìfẹ̀yìntì, kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tí ó bá fẹ̀yìn tì, ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí ó fẹ̀yìn tì: ògiri ni, igi ni, tàbí èjìká ẹlòmíràn. Mo bi ara mi pé kí ni èmi fẹ̀yìn tì, mo sì dé ẹnu ọ̀nà ilé mi ní Kẹ́mta, ní Abẹ́òkúta, láì rí èsì kankan fọ̀.

Ọdún kan gbáko kọjá kí n tó tún béèrè. Mo ti rò pé àkókò ni ohun tí mo máa ní lọ́pọ̀ yanturu, n kò mọ̀ pé bí ilẹ̀ tí kò ní ọgbà ni àkókò ẹni tí ó fẹ̀yìn tì rí lójú àwọn ènìyàn: ẹni tí ó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá á gba ibẹ̀ kọjá, ẹni tí ó bá fẹ́ so ewúrẹ́ mọ́ ibẹ̀ náà á so ó. Aládùúgbò wa tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kútọ̀ á kanlẹ̀kùn ní aago méje àárọ̀, á ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí títí di ọ̀sán, ẹ ò kúkú lọ síbì kankan.” Àbúrò mi á pè láti Ìjẹ̀bú-Òde pé kí n bá òun lọ wo ilẹ̀ kan. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì fi mí ṣe akápò, nítorí pé tíṣà ni mí, mo sì ráyè. Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti àìsùn òkú, ọjọ́ Àbámẹ́ta jẹ́ ti ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, pẹ̀lú aṣọ ẹbí tí a ó san owó rẹ̀, ọjọ́ Ajé ni a sì fi ń sinmi àárẹ̀ gbogbo rẹ̀. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni lórí èyí. Ènìyàn mi ni wọ́n, ẹni tí a kò bá sì fẹ́ràn, a kì í kàn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún náà yípo tí mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní ìparí rẹ̀ tí n kò ti mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ni ó ràn mí lọ́wọ́ láti rí i. Mo ń sọ ìtàn kan fún un lórí fóònù, ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó da ásíìdì sí tábìlì ní yàrá ìwádìí wa, ọmọ náà sì fi sùúrù gbọ́ ọ títí mo fi parí rẹ̀, ó wá rọra sọ pé, “Mọ́mì, ẹ ti sọ èyí fún mi nígbà mẹ́ta o.” Kò sọ ọ́ láti fi mí ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n mo jókòó sórí àga fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ó gbé fóònù sílẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ìtàn tuntun ni kò sí lọ́wọ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí mo fi ń kọ ètò ẹ̀kọ́ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ń kọ ibi tí wákàtí kọ̀ọ̀kan bá lọ sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méje, láti ìgbà tí mo bá jí títí di ìgbà tí mo bá sùn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ láì fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, àkókò tí mo lò fún ohun tí èmi fúnra mi yàn láti ṣe kò pé wákàtí mẹ́ta nínú gbogbo ọ̀sẹ̀, kò sì sí ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ tí mo fi kọ́ nǹkan. Nígbà náà ni mo fi rúlà àti báírò pupa fa ìlà sínú ojú ewé mìíràn, mo ya tàìmù-tébù bí a ti ń yà á ní ilé-ẹ̀kọ́, mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago kan ọ̀sán, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lábẹ́ aago tí wọ́n fún mi. Ọ̀rọ̀ náà ni “Tèmi”.

Kí n tó máa bá a lọ, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa owó, nítorí pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kí wọ́n tó jẹ́ kí a lọ, wọ́n pe àwa tí a fẹ́ fẹ̀yìn tì sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì, wọ́n kọ́ wa ní sísin ẹja, sísin ìgbín àti ṣíṣe ọṣẹ. Ohun tí ó dára ni. Ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bá falẹ̀ kí ó tó dé, bí tèmi ti falẹ̀, mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn máa gbé owó oògùn sí ẹ̀gbẹ́ owó gaàrí kí ó tó yan èyí tí yóò rà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa yọ ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ pamọ́, kí ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ sì máa fi ìdá 10 kún un. Bí a bá ń san án bí ó ti yẹ, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Ní ọdún 2022, lẹ́yìn tí èmi ti kúrò níbẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ mìíràn sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ sí 65 ọdún, tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọjọ́ méjèèjì tí a fi gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ẹja àti ìgbín, kò sí ẹni tí ó bi wá léèrè pé kí ni a ṣì fẹ́ mọ̀. Ó dà bí ẹni pé a gbà pé inú ẹni tí ó ti lo ọdún 60 láyé ti kún, pé oúnjẹ nìkan ni ó kù tí a lè fi sí i. N kò gbà bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé àìbéèrè ìbéèrè yẹn ń ṣe wá ní ibi ju bí a ti rò lọ.

Bí mo ti ya wákàtí mẹ́jọ sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, mo ní láti pinnu ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ìyá tí ó bí ìyá mi, aláró ni wọ́n ní Ìtòkú. Mo rántí ọwọ́ wọn, tí ó dúdú láti èékánná títí dé ìgbọ̀nwọ́, tí kò sì sí ọṣẹ tí ó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Mo rántí òórùn ìkòkò aró, nítorí pé òórùn yẹn máa ń bá mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì máa ń di imú. Mo kórìíra rẹ̀. Mo fi ìwé kíkà sá fún un, mo sì sá jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ní bí àwọ̀ ṣe ń yí padà nínú ìgò yàrá ìwádìí, láì tíì ti ọwọ́ bọ inú aró rí. Nígbà tí mo bi ara mi pé kí ni mo fẹ́ mọ̀, ìkòkò ìyá ìyá mi ni ó wá sí mi lọ́kàn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ náà, mo rìn dé Ìtòkú, mo gba àárín àwọn ṣọ́ọ̀bù tí a kó àdìrẹ àti kàǹpálà dà sí títí mo fi dé àgbàlá kan tí àwọn dúrọ́ọ̀mù wà lórí ìlà, mo sì kí ọmọbìnrin kan tí ó tẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú wọn bí ìyá ìyá mi ti kọ́ wa pé a ń kí aláró: “Àrẹdú o!” Ó yí padà, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. “Ẹ káàárọ̀ mà. Aṣọ wo lẹ fẹ́, mà?”

Mo ní iṣẹ́ ni mo wá kọ́.

“Ṣé àbúrò wa ti wà níta ni, mà?”

Mo ní èmi fúnra mi ni. Ó wo ojú mi, ó wo bàtà mi, kò sì tètè sọ̀rọ̀. “Mọ́mì, iṣẹ́ yìí le o. Omi ni, iná ni, ìdúró ni.” Mo sọ fún un pé inú ilé aláró ni wọ́n ti bí ìyá mi, mo sì béèrè iye tí owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ jẹ́. Ó sọ ọ́, mo san án, kò sì dín in kù fún mi nítorí ọjọ́ orí mi, mo sì mọrírì ìyẹn gidigidi. Ohun tí ó fa àríyànjiyàn láàárín wa ni orúkọ tí èmi yóò máa pè é. Mo ní “Ọ̀gá” ni. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé, pé ìyá òun gan-an kò dàgbà tó mi. Níkẹyìn a fẹnu kò pé tí a bá wà ní ìdí dúrọ́ọ̀mù, Ọ̀gá ni èmi yóò máa pè é, òun yóò sì máa pè mí ní Mọ́mì Tíṣà. Tí a bá ti bọ́ ìbọ̀wọ́, á kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀. Bí a ti ń ṣe é títí di òní nìyẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ìwà ọmọdé ni kí àgbà máa pe ọmọdé ní ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Àwa àgbà fẹ́ràn láti máa sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ aró, ọmọbìnrin yìí tí kò tíì pé 30 ọdún ni ó ní àkísà, èmi tí mo ti lé ní 60 ni n kò ní. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ó ti ń fi òwú di aṣọ. Bí mo bá wọ ibẹ̀ bí olùkọ́ àgbà, n kò ní kọ́ nǹkan kan.

Mo mọ èyí dájú nítorí pé mo dán an wò. Ní oṣù kejì, mo wo bí ó ti ń fi ọwọ́ bu háídírọ́ọ̀sì, ìyẹ̀fun kẹ́míkà tí àwọn aláró ń lò, sínú dúrọ́ọ̀mù láì fi nǹkan wọ̀n ọ́n, mo sì sọ lójú àwọn oníbàárà pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a ń ṣe é, pé a ní láti ṣírò rẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Ó fún mi ní dúrọ́ọ̀mù kékeré kan àti aṣọ funfun ọ̀pá márùn-ún, ó ní kí n ṣe bí mo bá ṣe mọ̀ ọ́n. Mo ṣírò tèmi sórí ìwé, mo tún fi kún un díẹ̀ kí ó lè dá mi lójú. Nígbà tí a sá aṣọ náà, ó ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti ń fọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ó sì ní àmì funfun káàkiri. Háídírọ́ọ̀sì tí ó bá pọ̀ jù máa ń tú aró tí ó ti wọ inú òwú padà sínú omi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà kan náà, nítorí pé iwájú wọn ni mo ti tàbùkù rẹ̀. Ó ní, “Agbe ló laró, kì í ráhùn aró, Mọ́mì Tíṣà. Ẹ ò ní ráhùn.” Ó wá gbá ọwọ́ mi mú, ó tì í bọ inú dúrọ́ọ̀mù tirẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, kí n lè mọ bí omi tí ó ti gbó ṣe ń yọ̀ mọ́ ìka.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni ó béèrè ìbéèrè tí ó yí gbogbo nǹkan padà fún mi. A fa aṣọ kan jáde nínú aró. Bí ó ti ń jáde, àwọ̀ ewé ni ó ní, ewé tí ó ti ń pọ́n díẹ̀. A nà án sórí okùn. Láàárín ìwọ̀n àkókò tí ènìyàn fi lè ka ẹsẹ Bíbélì kan, àwọ̀ ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti etí aṣọ wọ àárín, ó di aró ní ojú wa. Mo ti rí i ní ọ̀pọ̀ ìgbà nígbà yẹn, síbẹ̀ n kò tíì rí i tó. Ọ̀gá mi ní, “Mọ́mì Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ kàwé rẹ̀, kí ló dé tó fi máa ń jáde ní àwọ̀ ewé kó tó di aró?”

Mo la ẹnu, n kò rí nǹkan sọ. Mo mọ ìdáhùn náà. Mo ti kọ ọ́ sí pátákó fún ọdún 34. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi mọ̀ ọ́n, n kò sì tíì fi èdè ìyá mi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi, títí kan ìyá ìyá mi tí ó lo gbogbo ọjọ́ ayé wọn nídìí rẹ̀. Mo ní kí ó fún mi ní àyè di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òru méjì ni mo fi jókòó ti ìwé, tí mo ń kọ, tí mo ń pa rẹ́, nítorí pé n kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ńlá-ńlá bo àìmọ̀ mi mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún un nìyí. Aró kì í yòrò nínú omi lásán. Bí a bá da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú omi, á rì sí ìsàlẹ̀ bí iyanrìn, aṣọ kò sì ní rí nǹkan mu. Iṣẹ́ sódà àti háídírọ́ọ̀sì ni láti yí i padà fún ìgbà díẹ̀ sí oríṣi mìíràn tí ó lè yòrò, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ewé, oríṣi yìí ni ó sì ń wọ inú fọ́nrán òwú lọ. Bí a bá ti fa aṣọ jáde, ọ́síjìn tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ á dé bá a nínú òwú níbẹ̀, á sì dá a padà sí aró tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, èyí tí omi kò lè tú. Ó dà bí àlejò tí ẹnu ọ̀nà há fún, tí ó bọ́ agbádá rẹ̀ kí ó tó lè wọlé, tí ó sì tún gbé agbádá náà wọ̀ nínú yàrá: kò lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde mọ́. Ọ̀gá mi pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Á à, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fọ̀ ọ́ kó tó gba atẹ́gùn!” Ó ti mọ pé a kì í fọ̀ ọ́, èmi ti mọ ohun tí ó fà á, ọjọ́ yẹn ni ìmọ̀ méjèèjì pàdé, n kò sì lè sọ bí ayọ̀ mi ti pọ̀ tó. Nínú ọdún 34 tí mo fi ṣe olùkọ́, mo lè ka ìgbà tí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ bá mi lórí ìka ọwọ́ kan.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní ìwé kan tí mo ń fi èdè Yorùbá kọ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì sí, díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí mo ti yí padà nígbà mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ tí mo rò pé mo ti parí ni mo tún ń bẹ̀rẹ̀ láti orí. Nígbà tí wọ́n ti ìlú pa ní ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, tí n kò lè dé Ìtòkú, ìwé náà àti fífi òwú di aṣọ ni mo fi lo ọjọ́ nínú ilé.

Kì í ṣe ohun tuntun ní Abẹ́òkúta kí àgbàlagbà jókòó kẹ́kọ̀ọ́, ó sì yẹ kí a máa rántí èyí ju bí a ti ń rántí rẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ìlú yìí, ọ̀kan nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn ni pé wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà. A máa ń sọ ti ìjà owó orí tí àwọn obìnrin yẹn jà, tí Aláké fi kúrò lórí oyè ní ọdún 1949, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń rò ni ìyá kan tí ó ti tajà láti àárọ̀, tí ẹsẹ̀ ń ro, tí ó sì tún jókòó di kálámù mú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018 bákan náà, nígbà tí mo ṣì ń wá ohun tí èmi yóò ṣe, olórí orílẹ̀-èdè wa tẹ́lẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ìlú yìí, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní National Open University, ní ẹni 80 ọdún. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ní àdúgbò wa ni pé ó lówó, ó sì ní ẹni tí ó ń ràn án lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n owó kì í ka ìwé fún ènìyàn, kì í sì í dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn olùdánwò.

Ara náà ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa lo ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ fún ìrìn kíákíá tàbí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí àwọn tí ó ti lé ní 65 ọdún sì máa ṣe eré ìdárayá tí ń fún ìdúró lókun ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ kí wọ́n má baà máa ṣubú. Ìlú olókè ni tiwa, ìrìn láti ilé mi sí Ìtòkú àti ìpadàbọ̀ rẹ̀ ti tó láti mú kí ènìyàn làágùn.

Ohun tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ náà, ọgbà tí mo ṣe yí ọjọ́ méjì náà ká ni. Aládùúgbò wa bínú fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ máa ṣèpàdé ní Ọjọ́bọ̀, mo ní kí wọ́n mú akápò mìíràn, wọ́n sì sún ìpàdé sí ọjọ́rú. Baálé mi, tí ó jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, bi mí léèrè pé ṣé ebi ń pa wá tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọmọdé. Mo ní kí ó bá mi lọ ní ọjọ́ kan. Ó jókòó sórí àpótí ní àgbàlá náà, ó wo aṣọ kan bí ó ti ń kúrò ní àwọ̀ ewé bọ́ sí aró, kò sì béèrè mọ́. Ohun tí ó dùn mí jù ni ti ọmọ mi obìnrin, nígbà tí ó fẹ́ kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ìbàdàn láti máa tọ́jú ọmọ rẹ̀. Mo lọ lo oṣù méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, nítorí pé ẹ̀tọ́ ìyá nìyẹn, n kò sì ní fi dù ú láéláé. Lẹ́yìn náà mo sọ fún un pé mo ń padà sílé, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ó sunkún, èmi náà sunkún. Ó pè mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ní, “Mọ́mì, kí ni Ọ̀gá yín kọ́ yín lónìí?” Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí ó máa fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, n kò sì tíì tún sọ ìtàn ásíìdì náà fún un.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì ku ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n máa fún yín ní aago. Ẹ wá ohun kan tí ẹ kò mọ̀, tí ẹlòmíràn mọ̀, tí ó máa mú yín jáde nílé lọ bá a. Mo tẹnu mọ́ jíjáde nílé nítorí pé mo ti rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ra ìwé rẹpẹtẹ, tí wọ́n sì fi sí orí tábìlì tẹlifíṣọ̀n; ilé kún fún ẹni tí ó ń pe ènìyàn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dandan lé e pé ohun náà gbọ́dọ̀ mú owó wọlé. Èmi ti ta aṣọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo ń lọ Ìtòkú fún.

Ní ọdún tí ó kọjá, mo béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá mi bóyá ó mọ bí a ṣe ń fi èlú ṣe aró bí àwọn ìyá wa ti ṣe é, láìsí háídírọ́ọ̀sì rárá. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, pé ìyá òun gan-an kò ṣe é rí. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ ni àwa méjèèjì báyìí. Mo gbin èlú sí ẹ̀yìnkùlé mi. A já ewé rẹ̀, a gún un, a ṣù ú, a sá a títí ó fi gbẹ, a sì rẹ ẹ́ sínú omi eérú. Nínú ìkòkò bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí háídírọ́ọ̀sì ń ṣe nínú dúrọ́ọ̀mù, wọn kì í sì í yára. Ìkòkò àkọ́kọ́ bàjẹ́, aṣọ tí a rì bọ̀ ọ́ kò mu nǹkan kan. Èkejì mú àwọ̀ eérú wá. A fi kún ooru ẹ̀kẹta, a fi àpò bò ó, a gbé e sí ìdí ògiri tí oòrùn ọ̀sán máa ń pa, a sì fi í sílẹ̀ láì ṣí i. Ní àná, mo tẹ imú mọ́ ẹnu ìdérí rẹ̀, òórùn àgbàlá ìyá ìyá mi sì ni mo gbọ́. Ọjọ́bọ̀ ni a ó ṣí i.